Hideyo Noguchi: Ọmọ àgbẹ̀ Japan tó tọpa ibà pọ́njú dé Accra, tí ibà náà sì pa á síbẹ̀

Lọ́dún 2020 tí àrùn Kòrónà gbòde kan, ojoojúmọ́ ni orúkọ Noguchi ń jáde lórí rédíò ní Ghana. Noguchi ni wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n gbà ní imú àti ọ̀fun àwọn èèyàn lọ fún àyẹ̀wò, Noguchi ni èsì ti ń jáde, bí èsì bá sì pẹ́, Noguchi náà ni gbogbo ojú ń wò.

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, Noguchi ti di orúkọ ilé, ìyẹn ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Fásitì Ghana ní Legon. Ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn ni. Ọmọ àgbẹ̀ kan láti Japan ni, tí iná jó lọ́wọ́ òsì láti kékeré, tó wá di ìlúmọ̀ọ́ká onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní New York, tó sì kú sí Accra lọ́jọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 1928. Ẹni ọdún 51 ni.

Ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé e wá síbẹ̀. Ó ti kéde fún gbogbo ayé pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ibà pọ́njú, èyí tí òyìnbó ń pè ní Yellow Fever. Wọ́n ti fi kòkòrò náà ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ti gún un fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àfi bí ìròyìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó jáde pé kòkòrò mìíràn ló rí.

Ọmọ Shika

Ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 1876 ni wọ́n bí i sí abúlé kan nítòsí Inawashiro, ní agbègbè Fukushima. Seisaku ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ọtí ju oko lọ, nítorí náà Shika, ìyá rẹ̀, ló ń gbé ilé náà ró.

Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tó fi ṣubú sínú ààrò tí wọ́n gbẹ́ sáàárín ilé, irú èyí tí àwọn ará oko Japan máa ń ní nígbà náà. Iná jó ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí ojú egbò náà fi máa jinná, àwọn ìka ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ọwọ́ náà ò sì lè di ọkọ́ mú mọ́.

Shika wò ó pé ọmọ tí kò lè ro oko, ìwé ni yóò kà. Ó ń ṣe iṣẹ́ oko fún àwọn ẹlòmíràn, ó ń ru ẹrù, ó sì ń kó edé nínú omi lóru kó lè rí nǹkan tà. Bẹ́ẹ̀, obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò mọ ìwé.

Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Kobayashi Sakae rí i pé orí ọmọ náà pé, ó sì dúró tì í. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n sì gbé e lọ bá dókítà Watanabe Kanae lọ́dún 1892. Amẹ́ríkà ni dókítà yìí ti kọ́ṣẹ́. Ó la àwọn ìka náà sọ́tọ̀. Ọwọ́ náà kò padà sí bó ṣe yẹ, àmọ́ ó wúlò díẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni ọmọdékùnrin náà ti pinnu pé iṣẹ́ ìṣègùn ni òun máa ṣe. Ó di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Watanabe, ó bọ́ sí Tokyo lọ́dún 1896, ó sì yege ìdánwò àwọn dókítà lọ́dún 1897. Ìtìjú ọwọ́ yẹn kò jẹ́ kó fẹ́ máa fọwọ́ kan aláìsàn. Yàrá àyẹ̀wò ló bá a lára mu, nítorí pé kòkòrò inú ìgò kì í wo ọwọ́ ẹni.

Ó ríṣẹ́ sí ilé ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n Kitasato, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ìmọ̀ kòkòrò àrùn ní Japan nígbà náà. Àsìkò yìí ló pa orúkọ dà sí Hideyo, nítorí ó ka ìwé ìtàn kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó jẹ́ ọ̀mùtí tó sì ya ìyàkuyà wà nínú rẹ̀, tí orúkọ onítọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tirẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀.

Ká sòótọ́, ẹ̀rù tó bà á yẹn kò ṣàìnídìí. Owó kì í dúró lọ́wọ́ Noguchi. Ó yá owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbà fún un, ó sì ń ná an sí ọtí àti fàájì. Nígbà tó fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1900, owó tí ìdílé ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ kó fẹ́ kó fún un, àríyá ìdágbére ló ná ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Chiwaki Morinosuke, tó jẹ́ dókítà eyín, ló lọ yá owó mìíràn fún un kó tó lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò fẹ́ ọmọbìnrin náà mọ́.

Ọkùnrin tí kì í sùn

Ní Philadelphia, ó kan dé bá ọ̀jọ̀gbọ́n Simon Flexner lójijì ni. Wọ́n ti pàdé rí ní Japan, Flexner sì sọ̀rọ̀ ọ̀yàyà díẹ̀ fún un nígbà náà. Noguchi mú ọ̀rọ̀ yẹn bí ìlérí iṣẹ́. Flexner kò ní iṣẹ́ kankan fún un, ó sì wá nǹkan fún un ṣe, ìyẹn ìwádìí lórí oró ejò. Kò pẹ́ tí Noguchi fi di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè lórí oró ejò káàkiri Amẹ́ríkà.

Nígbà tí wọ́n dá ilé ìwádìí Rockefeller sílẹ̀ ní New York, tí Flexner sì di olórí rẹ̀, ó mú Noguchi dání lọ́dún 1904. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú. Òru ló fi ń ṣiṣẹ́ jù, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sì máa ń ṣe kàyéfì nípa ìgbà tó ń sùn.

Iṣẹ́ kan wà tó ṣe lọ́dún 1913 tí ẹnikẹ́ni kò lè já kulẹ̀ títí dòní. Ó wo ọpọlọ àwọn tí wèrè kan tó máa ń la ìrọra lọ ti pa, ó sì rí kòkòrò àrùn Syphilis nínú rẹ̀. Bí ayé ṣe mọ̀ dájú nìyẹn pé àrùn ìbálòpọ̀ yìí ló ń wọ ọpọlọ lọ tó ń da orí àwọn èèyàn rú.

Àwọn iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1911 ó sọ pé òun ti sin kòkòrò Syphilis nínú ìgò láìní àdàlù kankan. Ọ̀pọ̀ gbìyànjú láti ṣe bíi tirẹ̀, kò bọ́ sí i. Ọdún 2018 ni àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò yìí sìn pẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, inú ẹran ara ehoro tí wọ́n ń mú kó wà láàyè ni wọ́n sì ti rí i ṣe.

Ẹjọ́ kan náà tún wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dán oògùn kan tó fi ń ṣe àyẹ̀wò Syphilis wò, wọ́n gún un fún àwọn aláìsàn àtàwọn ọmọ aláìlóbìí ní New York láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ pariwo, wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ jìnnà.

Lọ́dún 1912, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Shika tó ti ń dàgbà lọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà alífábẹ́ẹ̀tì Japan, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́, ó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó tètè wá sílé. Ọdún 1915 ni Noguchi tó lọ. Oyè ẹ̀yẹ pọ̀ fún un lọ́dún náà, ó gbé ìyá rẹ̀ rìn káàkiri, lẹ́yìn náà ó padà sí New York. Àwọn méjèèjì kò tún fojú kan ara wọn mọ́.

Ọjọ́ díẹ̀ péré ní Guayaquil

Ibà pọ́njú kì í ṣe àlejò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ara á gbóná, ẹ̀yìn á máa roni, ojú á pọ́n, bó bá sì le, ẹni náà á máa bì nǹkan dúdú. Lọ́dún 1900 sí 1901, àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà lábẹ́ Walter Reed ti fi hàn ní Cuba pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, gẹ́gẹ́ bí dókítà ará Cuba, Carlos Finlay, ti sọ láti ọdún 1881. Wọ́n tún rí i pé ohun tó ń fà á kéré débi pé ó ń gba inú asẹ́ tí kòkòrò bakitéríà kò lè gbà kọjá.

Lọ́dún 1918 wọ́n rán Noguchi lọ sí Guayaquil ní Ecuador. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó débẹ̀, ó ní òun ti rí i. Kòkòrò tó rí gùn tínrín, ó sì lọ́ bíi okùn; ó sọ ọ́ ní Leptospira icteroides. Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni ìyá rẹ̀ kú ní Japan.

Kí oníwádìí tó lè sọ pé kòkòrò báyìí ló fa àrùn báyìí, ó ní láti yọ ọ́ lára aláìsàn, kó sìn ín lọ́tọ̀, kó sì fi í kó àrùn kan náà ran ẹranko. Sísin kòkòrò yìí ni Noguchi mọ̀ jù láyé. Bí àgbẹ̀ ṣe mọ ilẹ̀ tí iṣu ń fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀gẹ́ ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ló mọ oúnjẹ tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń fẹ́: omi ara ẹ̀jẹ̀ ehoro fún èyí, ègé kíndìnrín tútù láìsí atẹ́gùn fún tọ̀hún.

Ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti ṣìnà. Ohun tó ń fa ibà pọ́njú jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì kì í jẹ oúnjẹ inú ìgò, inú ohun tó wà láàyè nìkan ló ti ń bí sí i. Bí èèyàn bá da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú omi oúnjẹ tó dára jù lọ láyé, kì í hù. Tí nǹkan kan bá hù níbẹ̀, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni.

Nǹkan mìíràn náà sì ni. Àrùn kan wà tí ìtọ̀ eku ń kó ranni, àrùn Weil, òun náà ń mú kí ojú pọ́n, ara rẹ̀ sì jọ ti ibà pọ́njú gan-an. Àwọn ará Japan ló rí kòkòrò rẹ̀ lọ́dún 1915, Noguchi fúnra rẹ̀ ló sì fún ìdílé kòkòrò náà ní orúkọ Leptospira lọ́dún 1917. Ó dájú pé àwọn aláìsàn àrùn Weil wà lára àwọn tí wọ́n kó fún un ní Guayaquil. Àmì kan wà tó yẹ kó ta á lólobó: ó fi kòkòrò tirẹ̀ pa àwọn eku òyìnbó tí wọ́n ń pè ní guinea pig, bẹ́ẹ̀ ibà pọ́njú kì í pa wọ́n.

Àwọn kan kọ̀ láti gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá Aristides Agramonte, ará Cuba tó bá Reed ṣiṣẹ́. Orúkọ Noguchi àti ti Rockefeller borí ohùn wọn. Ilé ìwádìí náà ń pín abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fi kòkòrò yẹn ṣe títí di ọdún 1926, ẹni tó bá sì gbà á yóò máa rò pé ẹ̀fọn ò lè ṣe òun ní nǹkan kan. Ọdún 1926 yẹn náà ni Max Theiler àti Andrew Sellards fi hàn pé kòkòrò Noguchi àti ti àrùn Weil kò yàtọ̀ síra.

Ẹ̀jẹ̀ Asibi

Ní Èkó, ibùdó kan ti wà ní Yábàá láti ọdún 1925, tí àjọ Rockefeller gbé kalẹ̀ láti wá ìdí ibà pọ́njú ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Henry Beeuwkes ni olórí wọn. Wọ́n wá Leptospira lára àwọn aláìsàn títí, wọn kò rí i.

Ìparí oṣù Kẹfà ọdún 1927 ni nǹkan yí padà. Ní Kpeve, lápá ìlà oòrùn Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tó ń jẹ́ Asibi ń ṣàìsàn. Ibà náà kò le lára rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì gún un fún ọ̀bọ kan tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú. Asibi yè.

Adrian Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ireland tó wá láti London, àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Johannes Bauer àti Paul Hudson, ń mú àrùn náà láti ara ọ̀bọ kan dé òmíràn. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì gba inú asẹ́ kọjá. Leptospira kankan kò sí níbẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ náà jáde, ibà pọ́njú mú Stokes. Ó ní kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ìwádìí lórí ibùsùn tó wà. Ó kú ní Èkó lọ́jọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Noguchi wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní New York. Ìyàwó rẹ̀, Mary, kò fẹ́ kó lọ. Ara rẹ̀ kò le dáadáa, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì ní kó fi í sílẹ̀. Ó lè jókòó sí New York kó kọ lẹ́tà pé òun ṣàṣìṣe, tàbí kó jókòó síbẹ̀ kó máa jiyàn. Ó yàn láti wá fojú ara rẹ̀ rí i, ìyẹn sì jẹ́ ohun tó yẹ ká kà sí i lọ́rùn dáadáa.

Oṣù mẹ́fà ní Accra

Oṣù Kọkànlá ọdún 1927 ló gúnlẹ̀. Kò bá àwọn tó wà ní Yábàá ṣiṣẹ́, Accra ló dá dúró sí. William Alexander Young, ọ̀gá ilé ìwádìí ìjọba amúnisìn níbẹ̀, ló fún un láyè ní Korle Bu.

Ìwà àtijọ́ náà ló mú wá. Ó ń ṣiṣẹ́ lóru títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwọn ọ̀bọ tó lò sì lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1928 àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó sì dìde. Òun gbà pé ibà pọ́njú ni, pé ara òun ti wá le sí i nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé kì í ṣe òun, nítorí ẹni tó bá ti ní ibà pọ́njú lẹ́ẹ̀kan tó sì yè, kì í ní in mọ́.

Kòkòrò rẹ̀ láti Guayaquil kò yọjú ní Accra. Ohun tó wà nínú àwọn ọ̀bọ rẹ̀ ni ohun tí Stokes ti rí.

Nígbà tí oṣù Karùn-ún dé, ó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti padà sí New York. Ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará Yábàá ní Èkó. Lójú ọ̀nà àbọ̀ ni ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn ní Accra, ara rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ yá, ló bá tún yíwọ́. Ó kú lọ́jọ́ 21. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí ibà kan náà fi pa Young.

Ahesọ kan wà tí kò kú tán, pé Noguchi mọ̀ọ́mọ̀ fi kòkòrò náà sí ara rẹ̀ nítorí ìtìjú. Kò sí ẹ̀rí kankan fún un. Ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ọ̀bọ tó ní ibà pọ́njú lójoojúmọ́, láyé ìgbà tí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò nílò kó mọ̀ọ́mọ̀. Ṣebí Stokes àti Young kò mọ̀ọ́mọ̀.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí New York, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní ibi ìsìnkú Woodlawn.

Ọlẹ̀ inú ẹyin adìyẹ

Ẹ̀jẹ̀ Asibi kò bá ọ̀rọ̀ náà kú. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú rẹ̀ dé ọwọ́ Max Theiler, ọmọ bíbí Pretoria ní South Africa, tó ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller ní New York, ilé iṣẹ́ Noguchi gan-an. Theiler náà ní ibà pọ́njú nínú yàrá àyẹ̀wò, ó yè é.

Ìbéèrè tó dojú kọ Noguchi ló dojú kọ òun náà: inú kí ni èèyàn lè sin nǹkan yìí sí? Theiler kò wá oúnjẹ inú ìgò. Ó lọ mú ọlẹ̀ eku, lẹ́yìn náà ọlẹ̀ inú ẹyin adìyẹ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó ń mú kó wà láàyè nínú ìgò, ó sì sin fáírọ́ọ̀sì náà sínú rẹ̀. Ó tún yọ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọlẹ̀ adìyẹ náà kúrò kí fáírọ́ọ̀sì má bàa mọ́ ibẹ̀ lára. Ó ń gbé e láti inú ìgò kan sí òmíràn, ó lé ní ìgbà igba, títí agbára ìpani rẹ̀ fi lọ, tí ara èèyàn sì tún ń dá a mọ̀.

Ọdún 1937 ni òun àti Hugh Smith kéde abẹ́rẹ́ náà, tí wọ́n sọ ní 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1951. Òun ni wọ́n ń gún fún ẹni tó bá fẹ́ gba yellow card títí dòní, inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ṣì ti ń sin ín, ẹ̀ẹ̀kan péré sì tó fún gbogbo ayé ẹni. Nígbà tí ibà pọ́njú tún yọjú ní ìpínlẹ̀ Kwara lọ́dún 2017, abẹ́rẹ́ tó ti ara Asibi wá ni wọ́n fi dojú kọ ọ́.

Ní Korle Bu, wọ́n ṣì tọ́jú yàrá tí Noguchi ti ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1979 ni ilé ìwádìí Legon dúró, owó Japan ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí Junichiro Koizumi, olórí ìjọba Japan, wá sí Ghana lọ́dún 2006, ó kéde ẹ̀bùn kan ní orúkọ Noguchi fún àwọn tó bá ṣe gudugudu méje nínú ìṣègùn Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Miriam Were ará Kenya àti Brian Greenwood ló kọ́kọ́ gbà á lọ́dún 2008.

Ojú Noguchi wà lórí owó ẹgbẹ̀rún yen Japan fún nǹkan bí ogún ọdún, láti 2004. Oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ojú Kitasato, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Tokyo, ni wọ́n fi síbẹ̀.